Bàbá Wáyà àti Ọ̀rá Tí Mo Fi Bo Imú Agogo

Bàbá mi àgbà kì í jókòó nílé onílé kó tó wo òkè àjà. Wọn a ti gbé àga fún un, wọn a ti bu omi, òun á ṣì dúró sí àárín pálọ̀, á gbé orí sókè, á máa fi ojú tọ wáyà láti igun kan dé ìkejì. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa rò pé ibi tí òjò ti ń jò ló ń wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá Wáyà rí ibi tí wọ́n máa gbà jáde ná." Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jókòó, á mu omi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ọmọ àti ìyàwó. Láti ìgbà tó ti kú ni èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè wọ báǹkì, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kí n má wo òkè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọ̀rá ni mo ń wá.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti sin ín sí Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìsìnkú náà kò burú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ sùtánà funfun, wọ́n kọrin títí a fi dé ibojì. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Èèyàn dáadáa ni o, àfi ti ọmọ tó kú sí Àgọ́-Ìwòyè yẹn. Òun ló ṣáà pa agogo." Ẹnì kejì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní Ọlọ́run á dárí jì í. Mo ń lọ ní tèmi, mi ò wẹ̀yìn wò.

Irọ́ ni. Bàbá mi àgbà kò pa agogo kankan. Èmi Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mo bo agogo náà nímú, tí kò fi gbóòórùn iná títí ọmọ ọlọ́mọ fi kú. Bàbá gbé e ka orí ara rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbé e wọ sàréè. Ìyá ọmọ náà wà láàyè ní Ìbíàdé. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò mọ̀, èmi ni mo sì yẹ kí n sọ fún un. Mo fẹ́ sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò ní wọ́ mi débẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ wáyà ilé ló kọ́ ní kékeré, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Nígbà tó yá, ó kọ́ iṣẹ́ agogo iná, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyókù lọ. Pánẹ̀lì ni wọ́n ń pe olórí rẹ̀, àpótí pupa kan tí a ń gbé kọ́ ara ògiri nítòsí ẹnu ọ̀nà, tí iná kéékèèké mẹ́ta wà lójú rẹ̀: èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, yẹ́lò, àti pupa. Láti inú àpótí yìí ni wáyà ti ń jáde lọ sí gbogbo ilé. Ohun róbótó funfun tó ń wà lójú àjà, tó ń gbóòórùn èéfín, Bàbá ń pè é ní imú. Bí ó bá ń tọ́ka sí i, á máa sọ pé, "Imú kan rèé, imú kan tún lọ́hùn-ún," bíi pé ilé náà ní ojú àti ẹnu.

Mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo bi í pé báwo ni àpótí ṣe ń mọ̀ pé iná ń jó ní yàrá tí kò dé. Ó jókòó sí orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O so ewúrẹ́ mọ́ okùn gígùn, ó ti wọ inú igbó, o ò rí i mọ́, ìdí okùn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bí okùn bá rọra le, ewúrẹ́ ń jẹko. Bí okùn bá dẹ̀ lójijì, ó ti já nìyẹn. Bí okùn bá fà ọ́ lọ́wọ́ yọ, nǹkan ti gbá ewúrẹ́ mú. Dede iṣẹ́ àpótí yìí ò ju ìyẹn lọ, ọma mi."

Wáyà ni okùn náà. Àpótí ń rán iná mànàmáná kékeré kan lọ lójú wáyà ní gbogbo ìgbà. Iná náà á kọjá lára àwọn imú, á dé ìdí wáyà níbi tí wọ́n so nǹkan kékeré kan mọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ń wọn iná tó gbọ́dọ̀ padà sílé. Bí ohun tó padà bá jẹ́ iye tó yẹ, iná aláwọ̀ ewé á máa tàn. Bí wáyà bá já, nǹkan kan kò ní padà, yẹ́lò á tàn, àpótí á sì máa ké wínwín. Bí èéfín bá wọ imú kan, imú náà á ṣílẹ̀kùn, iná púpọ̀ á rọ́ kọjá, pupa á tàn, agogo á dún káàkiri ilé. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò, bátìrì méjì wà nínú ikùn àpótí tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ilé ńlá ni wọ́n ń pín sí sóònù, sóònù kan fún àjà kìíní, òmíràn fún àjà kejì, kí ẹni tó bá sáré wá síwájú àpótí lè mọ apá ibi tí ó yẹ kó sáré lọ.

Ọjọ́ yẹn kan náà ló fi ohun kan hàn mí. Ó tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ó gbé e sábẹ́ imú kan tó so mọ́ àpótí lórí tábìlì, agogo dún. Ó pa á, ó yí imú náà kúrò ní ìdí rẹ̀, yẹ́lò tàn. Ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú náà, tó tún gbé kọ́ìlì sábẹ́ rẹ̀. Èéfín ń lọ sókè, agogo kò dún, iná aláwọ̀ ewé sì ń tàn bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan. Ó ní, "O rí i? Bí o bá yọ ọ́, ó mọ̀. Bí o bá bò ó, kò lè mọ̀, torí okùn ṣì le. Ibẹ̀ ni kò gbọ́n sí." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ tèmi náà bò ó, mo wò ó bí kò ṣe dún.

Ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tó gbé pánẹ̀lì kan sí. Lọ́jọ́ kan, yẹ́lò tàn ní sóònù kejì, níbi tí wọ́n kọ "fault" sí ní òyìnbó. Mánéjà ibẹ̀ kàwé, ó mọ̀ pé ẹ̀bi ni fault. Ó wò ó títí, ó gbà pé àpótí ti rí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn òṣìṣẹ́ apá kejì ilé. Ó to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọn sí iwájú àpótí, ó ní kí ẹni tó mọ ohun tó ṣe tètè jẹ́wọ́ kí òun tó pe ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kí Bàbá tó fi ọ̀kadà débẹ̀, obìnrin tó ń se oúnjẹ ti kúnlẹ̀, ó ń sunkún pé òun ló ń fi ẹran sábẹ́ ìborùn lọ sílé. Bàbá gun àkàbà, ó gbé páálí àjà kan sókè, ó bá ibi tí eku ti jẹ wáyà já. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ mánéjà títí ó fi jẹ́ kí obìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ fún mánéjà náà ni pé, "Ibi tó bàjẹ́ ni àpótí mi ń wá. Kì í wá ẹni tó jẹ̀bi."

Mo ti bá gbólóhùn yẹn jìjàkadì ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń tù mí nínú. Ọjọ́ púpọ̀ ni kò tù mí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló gbé agogo iná wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí abẹ́là tí àwọn àgbà ìjọ ń gbàgbé sórí pẹpẹ. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé imú tó gbé sókè pẹpẹ kò ní gba tùràrí láyè. Ó ní kí n dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń ju tùràrí lọ́tùn-ún lósì nínú àdúrà, agogo bú sẹ́kún. Dípò kí àwọn ènìyàn jáde, wọ́n dojú bolẹ̀. Ìyá aríran kan dìde, ó ní áńgẹ́lì ti wọlé, wọ́n kọrin lé e, agogo ń dún, orin ń lọ. Bàbá tìkára rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ lásán gun àkàbà pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, tó lọ tú imú náà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé kí ló dé tó fi dá áńgẹ́lì dúró, ó ní, "Ẹ̀mí Mímọ́ kì í lo bátìrì." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò àgbà ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé irú kejì síbẹ̀, èyí tí kì í gbóòórùn èéfín rárá, ooru nìkan ló ń mọ̀. Èyí ló ń pè ní awọ.

Ìyá mi àgbà náà bá a jà lórí imú. Ọmọ etí omi ni Ìyá Àgbà, wọn ò lè jẹun kí ẹja yíyan má sí i, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n sì ti ń yan án. Bàbá ti gbé àpótí kan kọ́ pálọ̀ wa, ó gbé imú sí ilé ìdáná. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dún, àwọn ará ilé kejì gbé bàsíà omi sáré wá. Ìgbà kejì, ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Ìgbà kẹrin, wọ́n kàn ń bi wá láti òdì kejì ògiri pé irú ẹja wo la ń yan. Ìyá Àgbà ju orógùn lu agogo náà, wọ́n ní ọkọ àwọn kò fẹ́ kí àwọn jóná, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn se ọbẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ imú, ó fi awọ rọ́pò rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà tí mo di àkàbà mú fún un pé, "Agogo tó ń ké lásán ń kọ́ àwọn ènìyàn láti má dìde. Bí wọn ò bá dìde, mi ò tíì ṣiṣẹ́."

Bó ṣe máa ń gbóná mọ́ ènìyàn lórí iṣẹ́ nìyẹn. Nílé, jẹ́jẹ́ ni. Mi ò rántí ìgbà tó gbá mi létí rí. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí agogo tó ti ń dán wò láti ọdún wọ̀nyí, nítorí náà tí ènìyàn bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn ún láti sọ, apá òsì ni á jókòó sí. Ó mọ̀, á sì fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, òun ló yan ilé tí mo máa gbé. Ilé alájà mẹ́ta kan tí ẹnì kan kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Òun ló gbé pánẹ̀lì síbẹ̀, òun ló sì ń wá dán an wò. Onílé kò gbà kí wọ́n gbé imú sínú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló gbà. Ẹni tó ń bójú tó ilé náà ni Bọ̀dá Wálé, tó máa ń tẹ bọ́tìnì tó ń pa agogo lẹ́nu mọ́ kó tó mọ ohun tó ń ké sí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá bá a jà lórí rẹ̀. Bọ̀dá Wálé ní, "Bàbá, wọ́n ń din ẹyin ni o, mo sì ti pa á." Bàbá ní, "Ohùn lo pa. Ohun tó rí, ó ti rí i. Lọ wo ibẹ̀ ná, kó o tó wá pa ohùn."

Ní ọdún kẹta mi, ẹ̀kọ́ kan wà tí mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá aríran kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fún mi ní àdúrà ọjọ́ méje, abẹ́là méje àti tùràrí, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, èéfín tùràrí gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi jáde, agogo dún, gbogbo ilé tú síta pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì nídìí. Wọ́n bú mi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dún. Wọ́n ń pè mí ní Wòlíì Oníná. Sìdíkátù nìkan ni kò bú mi, ọmọ Ìbíàdé tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ó ti ṣàlùwàlá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú hìjáàbù, ó ní, "Mójì, ládàánì ò jí mi tó báyìí rí. O ṣeun." Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ti ilé dé, ẹja gbígbẹ ìyá rẹ̀ ni á pín fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ kẹta, kí n tó tan abẹ́là, mo gbé àga síta. Mo mú ọ̀rá tí Ìyá Àgbà fi di gààrí ránṣẹ́ sí mi, mo fi bo imú tó wà láàárín yàrá mi àti yàrá Sìdíkátù, mo fi rọ́bà dè é. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Tí mo bá yọ ọ́, yẹ́lò á tàn, Bọ̀dá Wálé á pe Bàbá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí nísàlẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ń tàn. Inú mi dùn. Mo rántí dáadáa pé inú mi dùn, pé mo rò ó lọ́kàn pé mo gbọ́n.

Mo parí ọjọ́ méje. Mo ní màá yọ ọ́ lọ́la. Ìdánwò wọlé, mo tún ní màá yọ ọ́ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àjà, kò sẹ́ni tó rí i.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni. Ibà dá Sìdíkátù dùbúlẹ̀, ó lo oògùn, ó sùn. Ẹsiténṣọ̀n tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló gbiná, ó ran tìmùtìmù. Èmi wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìdánwò ẹ̀kọ́ tí mo gbàdúrà lé lórí gan-an ni mo ń kọ. Èéfín kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ imú kejì tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ní sóònù mìíràn, ìgbà yẹn ni agogo tó dún. Wọ́n gbé e jáde. Iná kò kàn án lára. Èéfín ló pa á, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Bàbá dé láti Àtìkòrí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúró ní àgbàlá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ń wò ó bó ṣe gbé àkàbà wọlé. Láti ojú fèrèsé àtẹ̀gùn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàbà. Kò kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rá náà ti yọ́ mọ́ imú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò yọ́ tán. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, níbi tó fi ìyókù ọ̀rá náà pamọ́ sí, ó sì wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn tó mọ̀ pé tí wọ́n bá bò ó, àpótí kò ní mọ̀.

Onílé wà níbẹ̀, Bọ̀dá Wálé wà níbẹ̀, ọlọ́pàá kan náà wà níbẹ̀. Bàbá sọ fún wọn pé, "Èmi ni mo pa sóònù yẹn. Mo fẹ́ tún un ṣe, mo sì gbàgbé láti ṣí i padà." Bọ̀dá Wálé ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, iná aláwọ̀ ewé ni mo ń rí lójoojúmọ́." Bàbá ní, "Ìwọ kì í wò ó." Bọ̀dá Wálé wolẹ̀, nítorí òótọ́ ni, kì í wò ó. Mo dúró níbẹ̀. Ẹnu mi wà lójú mi, ahọ́n mi wà lẹ́nu mi, mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tún pè é fún iṣẹ́ agogo mọ́. Ọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì yẹn pàápàá mú ẹlòmíràn wá láti ìta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà kò sì parí títí ó fi kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe. Ibi tó ti ń wé wáyà fáànù ni mo ti lọ bá a, mo jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ kó lè gbọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹnì kan ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Kò gba ẹni méjì."

Mo gbà. Bí mo ṣe yára gbà á ni ojú ń tì mí jù. Mo parí ilé ìwé, mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, òórùn ọ̀rá tó yọ́ á gbá mi nímú, màá dúró, àwọn ọmọ á máa wò mí. Mo ń gbọ́ ohùn Sìdíkátù, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jí òun. Inú sì ń bí mi sí Bàbá. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà, torí òótọ́ ni. Ó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ mí di ojo, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo ṣe. Mo ṣì ń bínú, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ orúkọ rẹ̀ kí omi má bọ́ lójú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Ìyá Àgbà ń ká aṣọ rẹ̀. Wọ́n mú fìlà rẹ̀ kan dání, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa lọ kí Ìyá Sìdí báyìí?" Mo bi wọ́n pé Ìyá Sìdí wo. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé lóṣooṣù ni Bàbá ń wọkọ̀ lọ sí Ìbíàdé. Ó ti ní kí wọ́n má sọ fún mi. Mi ò sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀, mo lọ.

Mo bá a lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó to ẹja sórí asẹ́ wáyà, igi ń rú èéfín lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó jọ Sìdíkátù ní àgbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí tùràrí títí dé orí ohun tí Bàbá sọ fún ọlọ́pàá. Ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ọ̀rá."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀rá gààrí."

"Ọma mi ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà tó ń fi tùràrí jí wọn."

Mo rò pé á gbá mi létí, mo sì ń fẹ́ kó gbá mi. Ó gbé ẹja kan sọ́wọ́, ó wò ó, ó dá a padà.

Ó ní, "Bàbá yẹn ń wá síbí. Lóṣooṣù. Ibi tí o kúnlẹ̀ sí yìí ló ń dúró sí, á yọ fìlà, á ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Sìdí.' Mi ò dá a lóhùn rí. Ọjọ́ kan òjò pa á níbẹ̀, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, ó dúró títí òjò fi dá. Mo ṣépè fún un. Mo ní kí Ọlọ́hun má ṣe dárí jì í láé. Ojú rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ó ní, 'Àmín.'"

Èéfín ń wọ̀ mí lójú, mi ò nù ún.

"Wọ́n ní ó ti kú?"

"Ó ti kú, mà. Oṣù mẹ́ta."

Ó fi ìdí ìborùn rẹ̀ nu ọwọ́ méjèèjì, ó yí padà sí mi, ó sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé.

Ó ní, "Ta ni kí n wá dá lóhùn báyìí?"

Kì í ṣe pé ó kàn ń sọ ọ́. Ó bi mí ni, ó sì dúró kí n sọ fún un.